Ọjọ́ tí Ilé Báńkì Kò Gbéra

"Ṣé ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí mo bá lọ gba owó mi ní báńkì? Ilé báńkì yẹn máa ń gbéra nílẹ̀ ni! Ṣé ẹ ti rí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n já ẹrù rẹ̀ rí, bó ṣe máa ń léfòó sókè? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Mọ́níjà á sáré fi okùn dè é mọ́lẹ̀, á wá máa bẹ̀ mí: 'Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ o, kí atẹ́gùn má baà gbé wa lọ!'"

Káfíńtà kan ló ń sọ báyìí níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìṣó kún ẹnu rẹ̀ fọ́fọ́. Irọ́ náà sì ń gba àárín ìṣó kọjá láìfarapa. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo àdúgbò fi sọ ọ́ ní Báńkì-ń-bẹ̀-mí.

Òǹkàwé mi, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ ṣá. Báńkì ń bẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Gbèsè ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá san.

Ó ti pẹ́ tí báńkì ti gbà á láyè kó máa ná kọjá ohun tó ní lọ́dọ̀ wọn. Ó kọ́kọ́ ná an sórí pákó. Nígbà tó rí i pé ẹnikẹ́ni kò pariwo, ó ná an sórí ọkọ̀ dúdú kan tó gùn débi pé bí imú rẹ̀ bá ti délé, ìdí rẹ̀ ṣì ń ra epo lọ́nà. Àkáǹtì rẹ̀ kọjá òdo, ó ń walẹ̀ lọ bíi kànga. Owó yòówù tó bá wọ ibẹ̀, gbèsè á ti gbé e mì kí Káfíńtà tó na ọwọ́.

Oníbàárà á san àsansílẹ̀ fún bẹ́ẹ̀dì, báńkì á gbé e mì. Káfíńtà á wá fi owó ẹni tó fẹ́ àga ra pákó bẹ́ẹ̀dì, á fi owó ẹni tó fẹ́ tábìlì ra pákó àga. Iwájú ló fi ń dí ẹ̀yìn. Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àga wà tí kò lẹ́sẹ̀, tábìlì wà tí kò lórí. Kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan sì dúró ní kọ̀rọ̀, ìyàwó tuntun tí wọ́n torí rẹ̀ ní kó kàn án ti di ìyá ọlọ́mọ, ọmọ náà sì ti ń lọ sílé ìwé.

Ìyàwó rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Bí fóònù bá dún, ọkùnrin náà á sáré pa á. Bí ìyàwó bá bi í léèrè, á ní, "Báńkì tún ni. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn jẹun." Bẹ́ẹ̀, kì í lè jẹ oúnjẹ tirẹ̀ gan-an tán.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń gé gíláàsì ní ṣọ́ọ̀bù kejì, onígbàgbọ́ tí àpá ti gba ìka rẹ̀ tán. Òun nìkan ló fura.

"Ọ̀rẹ́," ni Onígíláàsì wí, "sọ òótọ́ fún ìyàwó rẹ, kí o sì sọ ọ́ fún Ọlọ́run. Jésù ń pè ọ́."

"Fi mí lọ́rùn sílẹ̀! Tí mo bá ti yanjú ọ̀rọ̀ báńkì, n ó wá rí ti Ọlọ́run."

"Háà! Ọlọ́run ló wá ń tò sẹ́yìn báńkì?"

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dé ikùn rẹ̀.

Nígbà tó yá, irọ́ tí ó ti ń tò pọ̀ wó lé e lórí. Ojú ìyá ìyàwó rẹ̀ ń ṣú. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ lè gbà á, ṣùgbọ́n kí wọ́n má pẹ́. Àwọn ọmọ ìyá náà dáwó jọ. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó, ọkùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, wá nàró láàárín ẹbí.

"Níbo la máa kó owó yìí sí?" ló wí. "Ṣé kì í ṣe àna wa yìí náà ni báńkì ń bẹ̀? Ẹ jẹ́ ká san án sínú àkáǹtì rẹ̀. Tí a bá lọ gbà á níbẹ̀, wọ́n á pọ́n wa lé nítorí tirẹ̀, wọn ò ní dá wa dúró."

Gbogbo wọn kan sáárá. Ìyá náà pàápàá gbàdúrà fún un.

Òǹkàwé mi, ibẹ̀ ló yẹ kí ó ti lanu. Gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n ìtìjú di ahọ́n rẹ̀ mú bí ìgbà tí àtẹ̀ bá mú ẹyẹ. Ó ní, "Ẹ san án síbẹ̀. Ẹ ò tíì rí nǹkan kan!"

Bí owó náà ṣe wọlé báyìí, gbèsè gbé e mì. Kò tiẹ̀ jẹ ẹ́ lẹ́nu.

Ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ abẹ yóò wáyé ni gbogbo wọn kọrí sí báńkì. Káfíńtà ti fi oríṣiríṣi àwáwí falẹ̀ títí, kò rí òmíràn rò mọ́. Ìyàwó rẹ̀ di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ẹ̀gbọ́n gbé báàgì òfìfo dání. Ọmọbìnrin tó ń sanwó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tún un wò.

"Ẹ má bínú, sà. Kò sí owó níbẹ̀."

"Tún un wò, ọmọ dáadáa," ni Káfíńtà wí. "Ó lè jẹ́ pé owó náà pọ̀ ju ẹ̀rọ yín lọ ni."

"Sà, inú gbèsè lẹ wà. Ó ti pẹ́. Mọ́níjà ti ń pè yín, ẹ ò gbé e."

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó yíjú sí i. "Àna wa, kí ló ń sọ?"

Káfíńtà gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ ní sùúrù, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn, wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ fi okùn de ilé náà mọ́..."

Ìyá náà sì gbé ojú rẹ̀ tó ti ṣú sókè. Ó ń fọwọ́ wá apá Káfíńtà.

"Ọkọ ọmọ mi," ló wí jẹ́jẹ́, "mi ò ríran dáadáa mọ́. Ṣé ilé náà ti gbéra?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Báńkì-ń-bẹ̀-mí yí padà, ó sì sá. Ó fi bàtà kan sílẹ̀. Ó sá débi pé òjìji rẹ̀ ń pè é lẹ́yìn pé kó dúró de òun.

Inú kọ́bọ́ọ̀dù ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló sá sí. Onígíláàsì rí i tó wọlé, ó wá kan ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Kò sí ẹnikẹ́ni níbí!"

"Kí Kò-sẹ́nikẹ́ni jọ̀ọ́ bá mi ṣílẹ̀kùn."

Ilẹ̀kùn kò ṣí. Ẹkún ló ń bọ̀ láti inú igi. "Ọ̀rẹ́, mo ti jẹ ojú ìyá ìyàwó mi. Ojú èèyàn ni mo jẹ! Mo ní n ó ṣoore, n ó ṣiṣẹ́ kára, n ó fi dí ihò gbèsè náà. Kì í dí!"

Onígíláàsì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ìyẹ̀fun pákó. "Kò lè dí," ló wí. "Bí gbèsè ṣe ń gbé owó bẹ́ẹ̀dì mì, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀ṣẹ̀ àná ń gbé gbogbo oore òní mì. O ò lè san án níwájú Ọlọ́run láé. Ṣùgbọ́n Ẹnìkan ti san án lórí igi àgbélébùú. Káfíńtà bíi tìẹ ni, kò sì purọ́ fún oníbàárà rí."

Káfíńtà fa imú sínú nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà, ó béèrè pé, "Ṣé ó máa san ti báńkì náà?"

"Rárá o! Ìwọ lo máa san ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò ní fi ọ́ sílẹ̀ kí o dá san án, kò sì ní jẹ́ kí o tún purọ́ bò ó."

Nínú òkùnkùn kọ́bọ́ọ̀dù, ọkùnrin náà ké pé, "Jésù, mi ò ní nǹkan kan. Òpùrọ́ ni mí. Gbà mí." Ọ̀rọ̀ òtítọ́ àkọ́kọ́ tó sọ nípa àkáǹtì rẹ̀ nìyẹn. Ó ṣílẹ̀kùn, ó jáde.

Ó kúnlẹ̀ fún ẹbí ìyàwó rẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbọ́wọ́ sókè láti gbá a, ìyá ló di ọwọ́ náà mú. Ìyàwó rẹ̀ dìde. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Káfíńtà ta ọkọ̀ dúdú. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ló kó owó rẹ̀ lé ní tààrà. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ. Ojú kan là. Èkejì ti pẹ́ jù.

Ó lọ bá mọ́níjà fúnra rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó ti ilẹ̀kùn ìnákúnàá yẹn pa, wọ́n sì jọ fẹnu kò sí iye tí yóò máa san lóṣooṣù. Kò gba àsansílẹ̀ mọ́. "Ẹ ra pákó yín wá fúnra yín," ló ń sọ fún oníbàárà. "Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ sanwó ọwọ́ mi." Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ló kọ́kọ́ parí.

Ó pẹ́ o. Ó ni ín lára. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan dé tó jáde ní báńkì, tó ń fò fẹ̀rẹ̀ bí ọmọ ewúrẹ́: "Ẹ bá mi yọ̀! Mi ò ní nǹkan kan ní báńkì! Òdo ni mí! Òdo gidi!" Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, díẹ̀. Àmọ́ títí dòní, bó bá wọlé, ìyá ìyàwó rẹ̀ á yí gbogbo orí kó tó lè fi ojú kan rí i. Ọlọ́run ti dárí jì í. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń gún un lọ́kàn.

Ìwọ ńkọ́, ìwọ tí o ń ka ìwé yìí? Gbèsè wo lò ń fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀? Ojú ta lò ń jẹ?

Afọ́nnu kan ń bẹ nínú rẹ tó ń sọ pé ọ̀la pọ̀ nílẹ̀, pé òun ní ọ̀la débi pé àyè kò gbà á mọ́. Irọ́ ni! Kò ní ẹyọ kan. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, lónìí, kí o sọ òótọ́ fún Jésù. Wàá rí i bí afọ́nnu náà ṣe máa bẹ́ jáde, tí á fi bàtà sílẹ̀, tí á sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.