Ẹ Bọ̀ Ọ́ Lọ́wọ́

Àárín èrò tó fẹ́ dáná sun ún ni mo ti kọ́kọ́ rí ọkọ mi.

Ọjọ́ ọjà Ìrèlè ni, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2001. Ìròyìn ti gba ìlú kan nígbà náà pé àwọn kan ń fi ọwọ́ kan ọkùnrin, nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ á sì pòórá. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ lọ́jà á gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́kadà. Ata ni mo ń ṣà lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ igbe.

"Ó ti gbé e lọ! Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ báyìí, mo yẹ ara mi wò, kò sí mọ́!"

Láyí ọlọ́kadà ló ń ké, ó fi ọwọ́ méjèèjì di iwájú ṣòkòtò rẹ̀ mú. Ẹni tí wọ́n ń lù ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe, Jàmálù lorúkọ rẹ̀, Òkè-Àkó ló ti wá. Ẹ̀jẹ̀ ti bo ojú rẹ̀. Ẹnì kan ti yí tayà dé.

"Ẹ mú uná wá!"

Kí n má purọ́, ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n inú tó bí mi ju ẹ̀rù lọ. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí ní ilé ìwòsàn kékeré ìlú wa. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń wo ara ènìyàn, mi ò tíì rí ẹ̀yà ara tó ń bá ọwọ́ àlejò lọ sílé. Mo da ata nù, mo wọ àárín wọn.

"Láyí, bọ́ ṣòkòtò."

Láyí fà sẹ́yìn.

"Nọ́ọ̀sì, ní gbangba?"

"Ṣebí gbangba lo ti pariwo! Ó yá, wọ ẹ̀yìn ìsọ̀ yẹn, kí àgbà ọkùnrin méjì tẹ̀lé wa. Bí kò bá sí níbẹ̀, èmi fúnra mi ni màá ṣáná."

A wọlé, a jáde.

"Ó wà níbẹ̀ digbí," ni mo wí. Àwọn àgbà méjèèjì mi orí, ọ̀kan ń pa ẹ̀rín mọ́ra. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Láyí, ló bá tún pariwo: "Ó ti dá a padà ni! Ìdajì ló sì dá padà!"

Mo na ọwọ́ sí Jàmálù níwájú gbogbo wọn, mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mi ò sì tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ó wá tún rédíò ilé ìwòsàn ṣe. Rédíò náà kò bàjẹ́.

"Nọ́ọ̀sì mi, ó jọ pé ẹ̀rọ yìí ń fẹ́ kí n máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

"Ẹ̀rọ ni àbí ẹlẹ́rọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ti fẹ́ràn rẹ̀ kọjá ohun tí mo lè fi pamọ́.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú bàbá mi ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Oyèbánjí ni bàbá mi, Bàbá Ìjọ ni ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa.

"Kì í ṣe tìtorí pé Mùsùlùmí ni," wọ́n wí. "Àbúrò mi gan-an, Àlàájì ni. Ṣùgbọ́n bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ìdajì ni ọmọkùnrin yẹn dá padà, gbogbo ìlú ló mọ̀. Kó wá búra níwájú àwọn àgbà pé òun kò mú un, kó tó fẹ́ ọmọ nínú ulé mi."

Jàmálù gbà kíá. Èmi ni mo kọ̀.

"Olólùfẹ́ mi, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni," ó bẹ̀ mí. "Màá búra, màá sì mú ẹ relé."

"Bí o bá búra pé o kò jí i, o ti gbà fún wọn pé ó ṣe é jí nìyẹn. Lọ́la wọ́n á mú ẹlòmíràn, nọ́ọ̀sì lè má sí nítòsí."

Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ìwọ kọ́ ni wọn kì í bọ̀ lọ́wọ́, Olúrẹ̀mí. Bí mo bá ti wọ ọjà, àwọn ọkùnrin á kó ọwọ́ sápò. Ó ti sú mi."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, mo sunkún. Ṣùgbọ́n mi ò yí ohùn padà. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkè-Àkó, oṣù méjì gbáko mi ò gbúròó rẹ̀. Bàbá mi ní mo ti fi oríkunkun lé ọkọ lọ. Mo sọ fún wọn pé ọkọ tí irọ́ bá fún mi, irọ́ lè gbà á padà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbójú sókè, òun ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn.

"Mo rò ó títí," ó wí. "Mi ò ní búra. Bó bá jẹ́ pé a ò ní ṣègbéyàwó títí a ó fi darúgbó, a jọ máa darúgbó náà ni."

Mo dì mọ́ ọn níwájú àwọn aláboyún. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún tó tẹ̀lé e, Bùkúnmi, ìyàwó Láyí, rọbí dé ọ̀dọ̀ wa. Ọwọ́ mi ló bí sí. Ọmọ kan jáde, mo rò pé ó parí, òmíràn tún tẹ̀lé e. Ọkùnrin méjì, làǹtì-lanti! Mo rẹ́rìn-ín débi pé Bùkúnmi béèrè bóyá orí mi pé.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ilé Láyí kún. Bàbá mi ló wá gbàdúrà. Mo mú Jàmálù lọ́wọ́ wọlé, àwọn ọkùnrin ń yà fún un lọ́nà. Mo gbé Táíwò sí ọwọ́ òsì, mo gbé Kẹ́hìndé sí ọ̀tún.

"Láyí, ìdajì ló ṣe uṣẹ́ yìí?"

Ẹ̀rín sọ. Láyí kò rẹ́rìn-ín.

"Odindi ni, Nọ́ọ̀sì. Kò lọ ibì kankan rí. Ẹ̀rù ló bà mí lọ́jọ́ náà, ojú wá tì mí láti sọ ọ́." Ó yíjú sí Jàmálù, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa yín."

Jàmálù fà á dìde. Mo kọjú sí bàbá mi.

"Bàbá mi, ẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́."

Bàbá mi dìde. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n bọ Jàmálù lọ́wọ́. Gbogbo wa la sì rí ọwọ́ òsì wọn tó rọra yọ́ wọ abẹ́ agbádá.

"Bàbá, ó pé?" mo bi wọ́n.

Wọ́n gbìyànjú láti bínú, kò ṣeé ṣe.

"Ó pé," wọ́n wí. Wọn ò jọ̀wọ́ Jàmálù. "Ẹ lọ dá ọjọ́ ìgbéyàwó."