Ta Ló Sọ Mí Di Ìyàwó Gbénró?

Ìjà ni mo fi mọ Gbénró. Mo na ọwọ́ sí awọ kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta awọ ní Kétu, ọkùnrin kan náà na ọwọ́ sí i. Ó ní òun lòun kọ́kọ́ rí i. Mo ní, "Ojú lo fi rí i, ọwọ́ ni mo fi mú un. Fi sílẹ̀." Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi í sílẹ̀, ó sì tẹ̀lé mi dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkòsí, ó ní òun fẹ́ rí ohun tí màá fi ṣe.

Bàtà ni mò ń ṣe. Gbénró náà ń ṣe é, Alápẹ̀rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ wà. Ó jókòó sórí àpótí lọ́jọ́ náà, ó ń wò mí títí mo fi gé awọ tán. "Ọwọ́ ẹ mọ́ ju tèmi lọ," ló wí. Kò sí ọkùnrin oníbàtà kankan tó tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ẹ̀ ti wọ̀ mí lára, mi ò ní purọ́.

Ọdún kan àtààbọ̀ la ti ń fẹ́ra wa. Bàbá mi, Alhaji Sàká, mọ̀ sí i. Oníbàtà ni àwọn náà kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Wọ́n ní kí ẹbí Gbénró wá tọrọ mi tí a bá ti ti ìpàtẹ Àbújá dé.

Àbẹ́ ò rí ìpàtẹ yìí! Ìpàtẹ àwọn oníbàtà àti oníbáàgì ni, ọjọ́ mẹ́rin gbáko, àwọn oníbàárà yóò wá láti Àkírà àti Kútọnu. Ọdún mẹ́ta ni mo fi múra sílẹ̀ fún un. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ wa ló máa ń ra bàtà mi, wọ́n á lẹ orúkọ tiwọn mọ́ ọn, wọ́n á tà á. Mo fẹ́ tábìlì kan ṣoṣo láyé tí wọ́n kọ "Ràhmát Sàká" sí. Mi ò bèèrè ju ìyẹn lọ.

Gbénró lẹgbẹ́ fi ṣe akọ̀wé ìrìnàjò. Òun ló ń wá bọ́ọ̀sì, òun ló ń wá hòtẹ́ẹ̀lì, òun ló ń sọ ibi tí gbogbo wa máa pàdé. Láàárọ̀ Túsìdeè, ó ju orúkọ àwọn tó ń lọ sórí Wáàsáàpù ẹgbẹ́. Yàrá kìíní, Ọ̀gá Kọ́ládé alága wa àti Junaid. Mò ń kà á bọ̀, mò ń wá orúkọ mi. Yàrá kẹsàn-án: "Gbénró àti Ìyàwó."

Ìyàwó kẹ̀? Mo ní háà, ọkùnrin yìí ti níyàwó nílé! Àfìgbà tí Junaid kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ràhmát, ẹ kú oríire o, ẹ ò tiẹ̀ pè wá!" ni mo tó mọ̀ pé èmi gan-an ni ìyàwó.

Èyí tó bí mi nínú jù ò tíì dé. Nínú ẹgbẹ́ wa, ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń ka tọkọtaya sí. Yàrá kan, tábìlì kan, orúkọ ọkọ. Mo yí ojú ìwé fóònù lọ sísàlẹ̀, níbi tí wọ́n to tábìlì sí. "Gbénró" ló wà níbẹ̀. Orúkọ tèmi ò sí níbì kankan.

Mi ò rántí bí mo ṣe dé Alápẹ̀rẹ̀. Ó ń fi gọ́ọ̀mù pa sóòlù ìsàlẹ̀ bàtà nígbà tí mo wọlé.

"Gbénró, ta ló so yìgì fún wa?"

"Ràhmá mi, jókòó, jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Mi ò jókòó! Ta lo pè níyàwó?"

Ó sọ búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀. Ó ní obìnrin mẹ́ta péré ló ń lọ, àwọn méjì tó kù sì jẹ́ ìyá àtọmọ, wọ́n ti gba yàrá kan. Hòtẹ́ẹ̀lì ò ní yàrá fún ẹnì kan ṣoṣo mọ́. Ọ̀gá Kọ́ládé ti ní kó yọ mí kúrò.

"Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má baà yọ ẹ́ ni, olólùfẹ́ mi. Ìwọ nìkan lo máa sùn nínú yàrá yẹn. Inú bọ́ọ̀sì lèmi máa sùn."

"Ta ló bi ẹ́ níbi tó o máa sùn? Tábìlì mi dà?"

Mo rí i lójú ẹ̀ pé kò tiẹ̀ ro ti tábìlì rárá. Ó wá ní, "Ṣé tábìlì tèmi kì í ṣe tìẹ ni?"

Ọlọ́run ló yọ mí, ǹ bá ti da gọ́ọ̀mù yẹn lé e lórí. "Ìwọ náà ti lẹ orúkọ ẹ mọ́ bàtà mi bíi tàwọn yòókù," ni mo wí. "Ká ní o bi mí ni, ǹ bá ti wá ẹni tá a jọ máa gba yàrá. O ò bi mí! Kí ẹbí ẹ má wulẹ̀ wá mọ́."

Mo délé, mo bá Bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà, fóònù wà lọ́wọ́ wọn, ẹnì kan ti fi ìwé orúkọ yẹn ránṣẹ́ sí wọn.

"Ràhmátù, ìgbà wo la so yìgì ẹ tí mi ò mọ̀?"

"Bàbá, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́!"

"Orúkọ ta ló ń bàjẹ́? O ò lọ sí Àbújá kankan."

Ẹ gbọ́ o, ẹlòmíì ṣẹ̀, èmi ni kí n jókòó sílé! Mo gbéra lọ sí Ifákọ̀ lọ́dọ̀ Aunty Tàwàkálítù, ẹ̀gbọ́n Bàbá mi. Wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tí wọ́n fi wé gèlè. Nígbà tá a délé, wọ́n ní, "Sàká, èmi àti ọmọ yìí la jọ máa wà ní yàrá. Ṣé o tún ní ọ̀rọ̀?" Bàbá mi ní kí n lọ di ẹrù mi.

Ó wá ku tábìlì. Nípàdé ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo dìde, mo ní kí wọ́n dá orúkọ mi padà. Ọ̀gá Kọ́ládé ní wọ́n ti ti ìwé orúkọ, kò sí tábìlì mìíràn. "Ẹ jẹ́ ká fi sùúrù ṣe é, Ràhmát. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya nìyẹn."

"Èwo ni tọkọtaya, sà?"

Gbénró dìde lẹ́yìn. "Ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sórí tábìlì mi. Ẹ yọ tèmi."

"Oníbàtà tí ò ní tábìlì ò lè bá wa lọ o," Ọ̀gá Kọ́ládé wí.

"Mo mọ̀, sà. Èmi ni mo kọ òfin yẹn."

Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ohun tí wọ́n mú lọ́wọ́ mi tí wọ́n wá dá padà, kí ni mo fẹ́ máa dúpẹ́ ẹ̀ sí?

Láàárọ̀ ọjọ́ tá a máa lọ, ó pe orúkọ wa níkọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì ní Kétu. Ó dé orí tèmi, ó ké e sókè: "Ràhmát Sàká, oníbàtà, Ìkòsí!" Mo wọlé, mo kọjú sí fèrèsé. Nígbà tí bọ́ọ̀sì ṣí, ó dúró síbẹ̀ tòun ti bébà lọ́wọ́.

"Ọmọ yẹn ti rù," Aunty wí.

"Ẹ jẹ́ kó rù."

Ní Àbújá, mo fọwọ́ pa orúkọ mi lórí tábìlì bí ẹni pé ọmọ tuntun ni. Lọ́jọ́ kìíní, obìnrin kan láti Àkírà mú bàtà mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn. Ó ní òun fẹ́ rí àwọn tó tóbi kí òun tó lọ. Inú ṣọ́ọ̀bù ní Ìkòsí ni wọ́n wà! Mo pe Bàbá mi tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn, mo ní kí wọ́n bá mi fi wọ́n ránṣẹ́. Wọ́n ní, "Màá rán ẹni tó mọ bàtà."

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pè mí sẹ́nu géètì. Gbénró ló dúró síbẹ̀, eruku bo gbogbo ara ẹ̀, àpò bàtà mi wà léjìká ẹ̀.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì ní àwọn tó ní tábìlì àtàwọn òṣìṣẹ́ wọn nìkan ló lè wọlé. "Kí ni bọ̀ọ̀dá yìí jẹ́ sí yín? Ṣé ọkọ yín ni?"

Gbénró wolẹ̀. Ó fi èsì sílẹ̀ fún mi. Ó ti kọ́gbọ́n.

"Rárá o," ni mo wí. "Ọmọṣẹ́ mi ni."

Wọ́n fún mi ní káàdì, èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́: Gbénró, ọmọṣẹ́ Ràhmát Sàká. Ó fi kọ́rùn níwájú Junaid àti gbogbo ẹgbẹ́. "Ẹ ṣé, ọ̀gá mi."

Bá a ṣe ń lọ, ó ní, "Bàbá ní kí ẹbí mi wá ní Sátidé tó ń bọ̀."

Mo dúró. "Bàbá lo fẹ́ fẹ́ ni?"

Ó wá sọ àpò kalẹ̀. "Ràhmát, mo ṣẹ̀ ẹ́. Mò ń bi ẹ́ báyìí. Ṣé kí wọ́n wá?"

"Gbé àpò. Oníbàárà mi ń dúró."

Mo ní kí wọ́n wá. Àmọ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo tó sọ ọ́, lẹ́yìn tó ti gbẹ́rù dé ibi tó yẹ, inú sì ṣì ń bí mi.