Koríko Igun Ọgbà

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, èéfín ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ọgbà wa ní Agége ń lọ sókè tààrà bí òpó. Atẹ́gùn kò fẹ́ rárá. Síbẹ̀, ìdì koríko tó wà ní igun ọgbà ń mì lọ mì bọ̀, òun nìkan, bí ọmọ tó ń jó sí orin tí àgbà kò gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé koríko náà. Ó ga ju ènìyàn lọ, orí rẹ̀ funfun bí ìrùkẹ̀rẹ̀. Mo gbìn ín yí ọgbà ká kó lè máa gba eruku ilé iṣẹ́ dúró. Uswat, ayálégbé mi, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ewúrẹ́ mélòó ni mo fẹ́ rà. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹ gbọ́dọ̀ gé e mọ́lẹ̀, kó lè hù tuntun lójò. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀, inú rẹ̀ á gbẹ, etí rẹ̀ nìkan ni yóò máa tutù. Ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè ò ní mọ̀.

Lọ́jọ́ náà, mo ti gé ìyókù tán kí n tó dé igun yẹn. Bí mo ṣe di orí rẹ̀ mú, Nusrat, ọmọ Uswat, ké nínú ilé: "Màmá, ẹ ń fa irun mi!"

Ìyá rẹ̀ sáré jáde, ó di ọwọ́ tí mo fi mú àdá mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má gé e. Abẹ́ ibẹ̀ la sin ibi ọmọ yìí sí lọ́jọ́ tí mo bí i."

"Kí ló dé tí o ò sọ kí n tó gbìn ín?"

"Mo rò pé koríko lásán ni."

Mo fi í sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn dé, inú ìdì náà ti gbẹ bí ìgbálẹ̀ àlòkù. Nusrat náà sì ń fúyẹ́ sí i. Awọ rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n tó bá wúkọ́, àyà rẹ̀ á ró wúyẹ́wúyẹ́ bí ewé gbígbẹ. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí ní ọsibítù, wọn ò rí nǹkan kan.

Mo ní kí Uswat jókòó. "Ìdì tí inú rẹ̀ bá gbẹ, pípín la máa ń pín in. A ó hú u, a ó gé òkú àárín rẹ̀ kúrò, a ó gbin ààbọ̀ síbí, ààbọ̀ sọ́hùn-ún. Á yè."

"Koríko lẹ ń sọ yẹn, Màmá. Ọmọ mi ńkọ́?"

Mo dìde, mo lọ sídìí koríko náà. Ó gbàdúrà sábẹ́ ètè, ó sì na ọkọ́ sí mi.

Bí mo ṣe ń la gbòǹgbò náà, ẹ̀rín Nusrat là ń gbọ́ nínú yàrá, bí ẹni tí ẹnì kan ń bá ṣeré. A gbin ààbọ̀ sí igun rẹ̀, a gbin ìyókù sẹ́bàá géètì. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ikọ́ náà ti lọ. Ọmọ ń jẹun, ó ń sáré káàkiri.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan lẹ́yìn òjò, Nusrat jókòó tì mí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ àkàrà. Uswat pè é láti ilé ìdáná.

"Mà!" ló dáhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Mà!" Ohùn kan náà dáhùn láti inú koríko ẹ̀bá géètì.

Nusrat ò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Ó rọra bu àkàrà rẹ̀ sí méjì, ó fi ọ̀kan lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ bá mi gbé e fún un, Màmá. Kò tíì jẹun láti ìgbà tí ẹ ti gbìn ín síbẹ̀."