Àpótí Ìtìsẹ̀ Màmá

Ọkùnrin gíga kan pọn ìyá rẹ̀ wọ ilé ìwòsàn bí ẹni pọn ọmọ ọwọ́. Òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀, ìyẹ̀fun igi sì wà nínú irun rẹ̀. Egbò mọ́kàndínlógún ni nọ́ọ̀sì ti wẹ̀ láti àárọ̀, ẹ̀yìn ń dùn ún, síbẹ̀ ó gbé ojú sókè, kò sì tètè gbé e kúrò.

"Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n sọ ẹrù mi sí?"

"Ta lẹrù?" ni ìyá dáhùn lẹ́yìn rẹ̀. "Ìwọ tí mo fi ọdún méjì pọ̀n, ṣé mo pè ọ́ lẹ́rù?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó tú ẹsẹ̀ Màmá, ẹ̀rín náà kú. Fóòmù àga ló wà lójú egbò. Kápẹ́ńtà ni ọmọ, àga onífóòmù ló ń ṣe. Omi tó ń ṣun lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀ ń rin ibùsùn, ló bá gé èyí tó dára jù nínú fóòmù rẹ̀ lé e. Fóòmù náà ń mu omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè dì í mú, ó ń dá a padà sára. Etí egbò ti funfun, ó ti hunjọ bí ọwọ́ alágbàfọ̀.

Ó rẹ nọ́ọ̀sì ju kó bínú lọ. Ó mú fóòmù egbò, irú èyí tí ilé ìwòsàn fi ń di egbò, ó fi hàn án bí ojú rẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ egbò, tí inú rẹ̀ á mu omi, tí á sì dì í mú.

"Lójoojúmọ́, ẹ fi bírò yí ibi tí omi bá dé ká. Tó bá ti ku ìka kan kó kan etí fóòmù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹsẹ̀ wọn sì máa wà lókè."

"Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń gé fóòmù," ni kápẹ́ńtà wí. "Àṣé mi ò tíì mọ̀ ọ́n."

Ó kan àpótí ìtìsẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń wá, àmì bírò sì ń kéré sí i. Ní oṣù kẹta, ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun fẹ́ kí nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí egbò da àwọn pọ̀. Nọ́ọ̀sì ní òun ti ń retí ọ̀rọ̀ náà, ó kàn ń rẹ òun ni.

Màmá ló kọ̀. "Ẹni tó ti gbọ́ òórùn egbò mi, ojú wo ni màá fi jẹ́ ìyá ọkọ rẹ̀?" Láti ọjọ́ náà, kò lọ wẹ egbò mọ́, kò sì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé gígé ni irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń já sí.

"Olólùfẹ́ mi," ni kápẹ́ńtà wí, "tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ wa ló máa gba ẹsẹ̀ ìyá mi, ká fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀."

"Ká kọ́kọ́ tọ́jú ẹsẹ̀ ná," ni nọ́ọ̀sì fèsì. Nígbà tó ṣíwọ́ lọ́jọ́ náà, ó gba ilé wọn lọ. Màmá kọ ẹ̀yìn sí i. Nọ́ọ̀sì ní òun á dúró. Ó jókòó sórí àga, àpò oògùn lórí itan. Àga náà rọ̀. Oorun gbé e lọ.

Nígbà tó lajú, bàtà rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lórí àpótí ìtìsẹ̀. Ó wú, ojú bàtà ti kọ ilà sí i lára. Màmá jókòó tì í, ó ń wò ó. Nọ́ọ̀sì fẹ́ fa ẹsẹ̀ rẹ̀ pamọ́, ṣùgbọ́n Màmá dì í mú.

"Kí lo ń fi pamọ́? Mo ti rí i."

Lẹ́yìn náà ni Màmá fúnra rẹ̀ ká ìró sókè. Fóòmù ti kún àkúnya.

"Ó ti kọjá etí láti ijọ́ mẹ́ta," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Wá bá mi tún un dì, ìyàwó mi."

Kápẹ́ńtà, tó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọlé, ó kúnlẹ̀ láti bá wọn gbé ẹsẹ̀ náà. Ó wo àpótí, ó wo àwọn méjèèjì.

"Àpótí kan ò ní tó yín báyìí."

Nọ́ọ̀sì ń fọ ọwọ́ rẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn. "Kan òmíràn," ni ó wí, "kí n tó kó dé."