Òfin Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ẹ̀rọ

Ẹ̀yìn áńbúláǹsì la ti pàdé, kò sì sí aláìsàn kankan níbẹ̀. Iléeṣẹ́ wa ló rán àwa méjèèjì: èmi tí mò ń gun òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àti ọkùnrin kan tó máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì. Wọ́n ní fídíò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí dókítà láti inú ọkọ̀ máa ń já tí ọkọ̀ bá ti dé orí afárá.

Fóònù méjì wà lọ́wọ́ mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí a ṣe gun afárá, ọ̀kan kú, èkejì ń ṣiṣẹ́ lọ. Bí a ṣe kọjá afárá, èyí tó kú jí, èkejì bá dákẹ́.

"Kí ló dé tá ò lo méjèèjì pọ̀?" ni mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, o mà lójúkòkòrò o."

"Ojúkòkòrò kọ́. Ẹni tó ń kú lọ nínú ọkọ̀ ò ráyè dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀, kí n má parọ́.

Oṣù mẹ́jọ la fi ṣiṣẹ́ náà pọ̀. Mo sọ ọ́ ní Ọ̀gá Àlàyé, torí kò sí nǹkan tí kò lè ṣàlàyé kó dùn létí. Òun ń pè mí ní Olólùfẹ́ Orí Òpó. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé tí mo bá wà lókè tí mo rí i tó ń bọ̀ nísàlẹ̀, mo máa ń gbàgbé ibi tí mo fẹsẹ̀ lé, ìyẹn ò sì dáa fún ẹni tó wà lórí òpó.

Àpótí kékeré kan la ṣe, tó gba síìmù mẹ́rin. Á gé fídíò sí wẹ́wẹ́, á fún ègé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, á wá pín wọn sórí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Tí wọ́n bá dé ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ ibẹ̀ á tò wọ́n padà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò ní fi nọ́ńbà karùn-ún hàn tí nọ́ńbà kẹrin ò bá tíì dé. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bá ń wọ́ ẹsẹ̀, gbogbo ìyókù á dúró dè é.

Èmi ni mo rí èyí. Èmi náà ni mo kọ òfin sínú rẹ̀ pé kí àpótí má gbé nǹkan kan fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bá ti ń falẹ̀ jù. Ìlà mẹ́fà péré ni. Ọ̀gá Àlàyé ò fìgbà kan lóye rẹ̀. Lójú tiẹ̀, bí síìmù bá ṣe pọ̀ tó ni fídíò á ṣe yá tó.

Ìyá rẹ̀ ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn náà. Ọjọ́ tó mú mi lọ kí i, obìnrin náà wo bàtà iṣẹ́ mi, ó wo àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Òpó lò ń gùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Tó o bá wá lóyún ńkọ́? Wàá máa gbé e gun òpó?"

Kò kọ̀ mí o. Ó kàn fẹ́ kí ọmọ òun di ọ̀gá kó tó gbéyàwó, kí ìyàwó má sì bá a du iyì ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tá a máa fi ẹ̀rọ náà han àwọn dókítà, mo rí ìwé tí wọ́n fẹ́ pín fún wọn. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀.

"Orúkọ mi dà?"

"Olólùfẹ́ mi, ṣebí a máa ṣègbéyàwó lóṣù tó ń bọ̀? Tèmi ni tìẹ. Màámi ló ní tí orúkọ bá ti ju ẹyọ kan lọ, wọn ò ní mọ ẹni tí wọ́n máa gbé ga."

"Ìwọ wá ńkọ́? Kí lo sọ?"

"Mo ní kò burú." Ó gbá ọwọ́ mi mú. "Lọ́jọ́ náà, má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ṣáà jókòó sẹ́yìn, kó o máa wò mí."

Ẹnu tó fi ń pè mí ní olólùfẹ́ náà ló fi ní kò burú. Mi ò bá a jà. Mo fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́, mo lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ṣí kọ̀ǹpútà mi, mo yọ ìlà mẹ́fà tèmi kúrò. Mi ò ba nǹkan kan jẹ́. Òun náà ló lóun nìkan ló ṣe é, kó lọ lo tiẹ̀. Kò sì sí aláìsàn nínú ọkọ̀ o, akọ̀wé wa ló máa dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni tó ń kú lọ. Mo bínú ni, mi ò ya wèrè.

Gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn kún fọ́fọ́. Ìyá rẹ̀ jókòó níwájú nínú aṣọ funfun. Ọ̀gá Àlàyé ṣàlàyé, gbogbo èèyàn ń mi orí. Akọ̀wé wa yọ lójú tẹlifíṣọ̀n ńlá, ó ń kérora ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ bá gun afárá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, fídíò dúró gbagidi, ẹnu akọ̀wé sì là sílẹ̀.

"Ẹ má mikàn," ni Ọ̀gá Àlàyé wí. Ó pe ọkọ̀ lórí fóònù. "Mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, ẹ ki síìmù kẹrin bọ̀ ọ́!"

Nígbà tí fídíò máa fi mira díẹ̀, ẹni tó ń kú lọ ló ti dìde tó ń ki síìmù bọ àpótí. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Síìmù kẹrin wá falẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ, gbogbo ẹ̀ bá dúró pátápátá.

Olórí àwọn dókítà yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ta ló ṣe ẹ̀rọ yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dáa. Tún un ṣe."

Òógùn bò ó. Ó tẹ èyí, ó tẹ tọ̀hún, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dáa lónìí. Mo jókòó sẹ́yìn, mò ń wò ó gẹ́gẹ́ bó ṣe ní kí n ṣe. Ó dùn mọ́ mi dọ́kàn, mi ò ní tijú sọ ọ́.

Ìyá rẹ̀ dìde, ó wá bá mi. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ìwọ náà mọ nǹkan díẹ̀ níbẹ̀. Bá a wò ó."

Kò pè mí ní ọmọ rẹ̀ rí.

"Ẹ má bínú, mà. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Mo bẹ̀ ọ́."

"Ọmọ yín ni kẹ́ ẹ bẹ̀, mà. Ẹ ní kó ṣàlàyé."

Gbogbo ojú yí sẹ́yìn. Ọ̀gá Àlàyé wò mí, mo wò ó. Mo rí i pé ó ti yé e pé èmi ni mo wà nídìí ẹ̀.

"Òun ló ṣe é," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Sọ ọ́ sókè," ni mo wí.

"Òun ló ṣe é! Kì í ṣe èmi!"

Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àga tó sún mọ́ ọn jù. Mo bọ́ síwájú, mo fi kọ̀ǹpútà dá ìlà mẹ́fà mi padà, akọ̀wé sì tún ń kérora geere. Olórí àwọn dókítà béèrè orúkọ mi, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀gá Àlàyé bá mi lórí àtẹ̀gùn.

"O dójú tì mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó tọ́ sí mi. Màámi pàápàá ti gbà. Olólùfẹ́ mi, dárí jì mí, jẹ́ ká ṣègbéyàwó wa."

Ó wù mí. Gbogbo ara mi ló ń fẹ́ ẹ.

"Dáhùn ìbéèrè kan fún mi," ni mo wí. "Ká ní fídíò yẹn ò dúró lónìí, ṣé wàá dárúkọ mi?"

Ẹnu tó ń ṣàlàyé ohun gbogbo là, kò rí nǹkan kan sọ. Ká ní ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá gbà á gbọ́, ǹ bá sì fẹ́ ẹ. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ parọ́ fún mi mọ́.

Mo fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo sì bá àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀ lọ.