Kọ́kọ́rọ́ Ọwọ́ Kìnnìún

“Kí lo rí níbẹ̀?”

“Kìnnìún, mà.”

“Kìnnìún nìkan?”

Ọmọbìnrin náà tún tẹjú mọ́ àwòrán tó wà lórí tábìlì. Àmì ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe bàtà ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Rárá o, mà. Inú asà ni kìnnìún náà wà. Adé wà lórí asà. Ẹṣin méjì dì í mú lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀já tẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìràwọ̀ mẹ́ta sì wà lára ọ̀já náà. Ẹnu ìràwọ̀ kẹta ti gé díẹ̀.”

“Gígé ò kàn wá. Ìràwọ̀ ni ìràwọ̀ ń jẹ́.” Ọ̀gá gbé awò rẹ̀ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó wo ìràwọ̀ náà fínnífínní, ó sì mi orí. “Ojú rẹ yìí, ojú àṣá ni.”

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ọ́fíìsì ti ń pe ọmọbìnrin náà ní Ojú-Àṣá. Òun náà gba orúkọ náà tayọ̀tayọ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama ni, ó sì mọ̀ dájú pé òun lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ àmì òwò sílẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní àmì tó ń tẹ̀ sára ọjà rẹ̀ á mú àwòrán rẹ̀ wá síbẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà fi ṣe tirẹ̀. Iṣẹ́ yàrá tí Ọ̀gá ń darí ni láti wo àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi nọ́mbà sí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Inú ìwé ńlá kan tó nípọn bí ìrọ̀rí ni nọ́mbà wọ̀nyí wà. Èèyàn ní apá tirẹ̀, ẹranko ní tirẹ̀, odindi apá kan sì wà fún asà, adé, àsíá àti àmì ẹ̀yẹ lóríṣiríṣi.

“Láti ìta wọ inú,” ni Ọ̀gá máa ń sọ. “Ẹ ka asà, ẹ ka ohun tó gbé e dúró, ẹ ka ohun tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ tó ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohun tí ẹ kò bá fi nọ́mbà sí, kò sí láyé nìyẹn. Bí oníṣòwò tuntun bá dé, nọ́mbà ni àwọn olùyẹ̀wò tó wà ní yàrá kejì máa fi wá èyí tó jọ tirẹ̀. Wọn ò ní rí ohun tí ẹ gbàgbé.”

Ọ̀dọ́ mẹ́fà ni wọ́n gbà wọlé fún ìdánwò oṣù mẹ́ta. Àga méjì péré ló ṣófo. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ló sì máa sọ ẹni tó máa jókòó sí i: wọ́n di àádọ́jọ àwòrán fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kó parí rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó tán.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, àwòrán mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló ṣì kù níwájú Ojú-Àṣá. Ọmọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Gíga, tó jókòó tì í, ti ń na apá.

“O ti parí?” Ẹnu ya Ojú-Àṣá.

“Láti àná. Ìwọ ṣì ń ka èékánná kìnnìún lọ́kọ̀ọ̀kan?” Gíga rọra fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. “Wò ó. Tẹ nọ́mbà asà, tẹ ti kìnnìún. Ó gbé àmì àtijọ́ tó jọ ọ́ jáde, àbí kò gbé e jáde? Da gbogbo nọ́mbà rẹ̀ kọ, kó o sì máa bá tìrẹ lọ. Gbogbo kìnnìún inú asà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.”

“Ọ̀gá ní ká fi ojú ara wa wò ó.”

“Ojú tó wo ti àkọ́kọ́ ńkọ́, ṣé ojú ewúrẹ́ ni?”

Ojú-Àṣá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá a. Ó wo òkìtì àwòrán iwájú rẹ̀, ó wo àwọn mẹ́rin yòókù tí wọ́n tẹ orí ba bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́ náà. Ẹ̀rù pé ẹlòmíràn á yára ju òun lọ ló bà á. Ó tẹ nọ́mbà asà, ó tẹ ti kìnnìún, àmì ọlọ́ṣẹ kan tó ti pẹ́ yọ jáde. Asà nìyí, adé nìyí, kìnnìún tó dìde dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì nìyí. Ó da nọ́mbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ sórí àwòrán tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò wo àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀nà yẹn ló fi parí gbogbo èyí tó kù. Àṣé gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ní ọ̀sán Ẹtì, òun àti Gíga ni wọ́n mú. Màmá rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó wá gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, títí kan ẹni tó kàn wá yá sísọ́ọ̀sì.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, bàbá kan tí irun rẹ̀ ti funfun wọlé wá síbi tábìlì tí wọ́n ti ń gba àlejò. Ọ̀gá wà ní ìpàdé. Ojú-Àṣá ló dìde láti dá a lóhùn.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jókòó.”

“Mo dúpẹ́, ọmọ mi. Màá dúró.” Ó tẹ́ ìwé ìkéde kan sórí tábìlì, ó sì gbé àgádágodo kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ le koko, èérí irin wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. “Èmi ni mo ṣe àgádágodo yìí. Àmì mi ló wà lára rẹ̀. Èyí tó wà nínú ìwé yìí, ta ló ni ín?”

Ojú-Àṣá wò ó. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń ta ilẹ̀kùn irin ló fẹ́ gba àmì tuntun: kìnnìún nínú asà, adé lórí rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ kìnnìún. Ìwé náà ní ẹni tó bá ní àtakò kó wá kí Ẹtì tó parí. Ọjọ́ méjì ló kù.

Ó wá àmì bàbá náà jáde nínú kọ̀ǹpútà. Nọ́mbà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Asà. Adé. Kìnnìún. Ó mọ ìdì àwòrán tí èyí ti wá, ó sì mọ àmì ọlọ́ṣẹ tí òun ti da nọ́mbà rẹ̀ kọ.

“Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ kìnnìún yín, sà?”

“O ò rí i ni?” Bàbá náà fi ìka tọ́ ara àgádágodo. Kọ́kọ́rọ́ náà kéré, ṣùgbọ́n ó hàn gbangba. “Ọmọ mi ló fi síbẹ̀. Mo ní kó ya kìnnìún fún mi, ó yà á. Ó ní, ‘Bàámi, kìnnìún tí kò mú nǹkan lọ́wọ́, kí ló ń ṣọ́?’ Ló bá fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Àwòrán tó yà kẹ́yìn nìyẹn. Ó ti pé ọdún méjì tí mo sin ín.”

Kò sunkún. Ó kàn gbé àgádágodo náà, ó fi àtàǹpàkò nù ún, ó sì gbé e padà síbi tó wà.

“Ẹ dákun, sà, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan.”

Gíga ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fà á lápá lọ sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ìwé.

“Fi nọ́mbà kọ́kọ́rọ́ kún un báyìí. Kò gbà ju kíkà ẹní, èjì lọ. Kó o sọ fún bàbá yẹn kó lọ kọ lẹ́tà wá.”

“Lẹ́tà á lo ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dé orí tábìlì ẹnikẹ́ni. Wọ́n á ti fún àwọn onílẹ̀kùn yẹn. Àwọn olùyẹ̀wò ti wá tiwọn tán, wọn ò rí kìnnìún mìíràn tó mú kọ́kọ́rọ́, nítorí pé n ò fi nọ́mbà kọ́kọ́rọ́ sí ti bàbá yìí. Lẹ́tà Ọ̀gá nìkan ló lè dá a dúró.”

“Ọ̀gá á sì bi ẹ́ pé ta ló ṣe é.”

“Á bi mí.”

“Ojú-Àṣá, ronú o! Bó bá tú ìdì tìrẹ wò, kò ní ṣàì tú tèmi. Ṣé ìwọ lo bí kìnnìún náà ni?”

“Bàbá yẹn ló bí ẹni tó yà á.”

Ojú-Àṣá padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì, nọ́mbà kọ́kọ́rọ́ sì wà lórí ahọ́n rẹ̀. Bó bá tẹ̀ ẹ́, àga rẹ̀ á dúró, Gíga á dúró, kò sí ẹni tó máa bi í ní nǹkan kan. Ó rọra gbé ọwọ́ kúrò, ó sì padà sọ́dọ̀ bàbá náà.

“Sà, ẹ má lọ. Ọ̀gá ń bọ̀. Àṣìṣe yìí, ọwọ́ mi ló ti wá.”

“Ìwọ?”

“Èmi ni, sà. N ò wo àwòrán yín. Iṣẹ́ ẹlòmíràn ni mo dà kọ sórí rẹ̀.”

Bàbá náà wò ó títí. Ojú-Àṣá rò pé ó máa pariwo. Ì bá sì sàn fún un bó bá pariwo.

“Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?”

“Méjìdínlógún, sà.”

“Ọjọ́ orí ọmọ mi náà nìyẹn,” ni bàbá náà wí. Nígbà náà ló tó fa àga, tó jókòó.

Ọ̀gá dé kí aago kan tó lù. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lórí ìdúró, ó fi awò rẹ̀ wo ọwọ́ kìnnìún, ó sì yíjú sí Ojú-Àṣá.

“Àwòrán mélòó lo ṣe bẹ́ẹ̀?”

“Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, mà.”

“Ta ló kọ́ ẹ?”

Gíga bojú wolẹ̀ lórí àga rẹ̀.

“Ọwọ́ mi ló ṣe é, mà.”

Ọ̀gá jókòó, ó kọ lẹ́tà, ó fi òǹtẹ̀ lù ú, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e lọ sí yàrá kejì. Nígbà tó padà, ó sọ fún bàbá náà pé, “Wọ́n ti dá a dúró, sà. Wọ́n á tún un wò, àmì yín ló sì ṣáájú. Ẹ má bínú.” Bàbá náà ká ìwé rẹ̀, ó kí gbogbo wọn, ó sì jáde.

Ọ̀gá wá kọjú sí ọmọbìnrin náà. “O sọ òtítọ́, mo sì gbà pé kò rọrùn. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ẹni tó fi iṣẹ́ àdàkọ gba àga sílẹ̀ lórí àga náà. Ẹni tó ṣe ìkẹta nínú ìdánwò ni mo máa pè. Kó o tó lọ, wàá fi ojú ara rẹ wo mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlọ́gọ́ta.”

“Mo gbọ́, mà.” Ó gbé orí sókè. “Nígbà tí ẹ bá tún ń mú àwọn tuntun, mo máa wá.”

“Wàá tò sórí ìlà bíi ti gbogbo èèyàn. Màá ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ẹ́ rí.”

“Ẹ ò ní nílò kí ẹ mọ̀ mí, mà. Ẹ máa rí iṣẹ́ mi.”

Nílé, màmá rẹ̀ gbọ́ ọ dópin, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

“Kí ni mo máa wá sọ fún àwọn tí mo ti ròyìn ẹ fún?”

“Ẹ sọ bó ṣe rí gan-an fún wọn, Màámi.”

Ìyá náà gé òwú pẹ̀lú eyín. “Ó dáa. Òtítọ́ kì í ṣe aṣọ. N ò ní gé nǹkan kan kúrò níbẹ̀.” Lẹ́yìn náà ló ní kó lọ jẹun.

Ọjọ́ márùn-ún ni àwòrán mẹ́tàdínlọ́gọ́ta náà gbà. Ó wo wọ́n láti ìta wọ inú, ó sì rí mẹ́rin mìíràn tí òun ti gbójú fò tàbí ṣì kọ: adé kan lábẹ́ ẹsẹ̀ idì, idà kan lẹ́yìn asà, àti ẹranko méjì tó pè ní kìnnìún bẹ́ẹ̀ wọ́n ní ìyẹ́ apá. Bí ó ṣe ń rí i ló ń tún un ṣe, ló sì ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, Gíga gbé ìdì tirẹ̀ wá síwájú Ọ̀gá, ojú rẹ̀ pọ́n. Ọ̀gá fi ọwọ́ júwe àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ojú-Àṣá fún un, pé kó tún tirẹ̀ wò. Òun náà pàdánù ipò rẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, wọ́n tún gba ọ̀dọ́ mẹ́fà wọlé fún ìdánwò. Ojú-Àṣá wà nínú wọn. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ parí ìdì tirẹ̀. Ẹni mẹ́ta ló ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀gá fi awò wo àádọ́jọ àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan, nọ́mbà kan ṣoṣo kò sọnù níbẹ̀. Ó fún un ní àga.

Iṣẹ́ tí a dà kọ lè gbé èèyàn dé ipò, kò lè gbé e ró níbẹ̀. Ẹni tó bá sì ṣe àṣìṣe, kó yáa jẹ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí àtúnṣe ṣì ṣeé ṣe, bó tilẹ̀ máa ná an ní nǹkan. Kò sí iṣẹ́ tó kéré débi tí kò ní ṣe ẹnì kan léṣe bí a bá ṣe é ní ìdákúdàá, a kì í sì í mọ ẹni náà títí tó fi máa wá dúró níwájú wa.