Ẹ Rọra Ṣí I

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí, ẹ fi ọ̀rọ̀ tiyín sápò ná. Ìtàn tí mo mú wá yìí, ẹ̀rọ omi ló bí i.

Aránṣọ kan ń dá gbé láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Àga méjì ló wà nídìí tábìlì rẹ̀. Aṣọ aláṣọ ló ń jókòó sórí ìkejì. Bó bá ṣí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná, ẹ̀rọ a figbe ta bí ewúrẹ́ tó jìn sí kòtò.

Púlọ́ńbà tó ránṣẹ́ pè ga débi pé ó tẹrí ba kó tó wọlé. Ṣòkòtò rẹ̀ rin dé orúnkún.

"Ta ni yóò bá mi ṣí i?"

"Èmi nìkan ló wà nílé."

Ó wo àga kejì. "Ẹ kú ìdágbé o."

Ó kúnlẹ̀, ó gbé orí irin gbọọrọ kan lé páìpù, ó fi ìdí irin sétí kó lè gbọ́ ohun tó ń ké nínú. "Ẹ rọra ṣí i. Ẹ dúró! Ẹ tì í díẹ̀."

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ké sí aránṣọ nínú ilé yẹn. Ó tì í díẹ̀.

"Rọ́bà inú rẹ̀ ló ti jẹ. Bí omi bá ń kọjá, a máa gbọ̀n. Òun lẹ ń gbọ́."

Ó pààrọ̀ rọ́bà. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ilé wá dákẹ́ jù.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó padà wá. "Mo ní kí n wo rọ́bà yẹn."

"Rọ́bà ń kí yín," ni aránṣọ wí, ó sì palẹ̀ aṣọ mọ́ lórí àga.

Báyìí ni ìfẹ́ ṣe wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n aránṣọ lọ wo ilé púlọ́ńbà, ẹ̀rín ló bá dé.

"Àbúrò mi, ẹ̀rọ tirẹ̀ ń ké bíi fèrè! Ẹni tí kò lè tún tirẹ̀ ṣe, kí ló fẹ́ fi tọ́jú rẹ? Mi ò fọwọ́ sí i. Wá máa bá mi wo àwọn ọmọ mi."

Aránṣọ lọ bá púlọ́ńbà nílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ̀ lé e.

"Kí ló dé tẹ́ ò tún ẹ̀rọ yín ṣe?" ni aránṣọ bi í.

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Bí mo bá wà nídìí páìpù lẹ́yìn ilé, kò sẹ́ni tí yóò ṣí i nínú ilé."

Aránṣọ wọ ilé ìdáná lọ, ó gbọ́wọ́ lé ẹ̀rọ. "Ẹ lọ sẹ́yìn ilé. Mo ti dé ìdí ẹ̀. Ṣé kí n ṣí i?"

Ó pẹ́ kí ohùn tó dáhùn láti ẹ̀yìn ògiri.

"Rọra ṣí i, ìyàwó mi."

Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ nu ojú. "Ó dáa," ló wí, "ọwọ́ kan ò kúkú gbé igbá dé orí."

Aránṣọ fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn yìí fún mi. Bó bá dé ibi igbe ewúrẹ́, á rẹ́rìn-ín. Bó bá dé ibi tí ohùn ti pẹ́ kó tó dáhùn, á tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì.